Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú orúkọ BLO: Nígbà tí 'O' gbéra lọ sí London, kí ló kù?

Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Benin, tó bá gba Ore kọjá láì dúró jẹun, àfi kó yáa yẹ ara ẹ̀ wò. Ibẹ̀ làwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti máa ń já èrò sílẹ̀ kí wọ́n na ẹsẹ̀, ibẹ̀ làwọn olóúnjẹ ti ń pe èèyàn síbi iyán àti ẹran ìgbẹ́, ibẹ̀ náà lorin ti ń dún láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíì. Oríta ni Ore, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo. Ọ̀nà Èkó wà níbẹ̀, ọ̀nà Benin wà níbẹ̀, ọ̀nà Ondo àti ti Okitipupa náà ò gbẹ́yìn. Olórin tó bá fẹ́ gbé gìtá ẹ̀ láti apá Ìlà-Oòrùn wá síbi tówó wà l'Ékòó, Ore ni yóó gbà kọjá.

Ẹ béèrè orin Orlando Owoh níbẹ̀, ẹ ò tíì ní sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi máa gbé e sí i. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ondo ni, tiwa-n-tiwa ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè orin BLO wò. Ńṣe ni ọ̀pọ̀ yóó máa wò yín bí ẹni tó lọ béèrè yìnyín lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Kí ló ń jẹ́ BLO? Ṣé oúnjẹ ni àbí aṣọ?

Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ ti jó sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ BLO láìmọye ìgbà, níbi ìgbéyàwó, níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìsìnkú. Wọn ò kàn mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì ní ẹ̀dùn díẹ̀ nínú.

ẸSẸ̀ ÀÀRÒ MẸ́TA

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Lọ́dún 1972, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan kóra jọ l'Ékòó, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa kọ orin rọ́ọ̀kì. Ọ̀kan ń jẹ́ Berkley Jones, òun ló ń ta gìtá. Èkejì ń jẹ́ Laolu Akintobi, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Laolu Akins, òun ló ń lu ìlù òyìnbó. Ẹ̀kẹta ni Mike Gbenga Odumosu, òun ló ń ta gìtá béèsì, ìyẹn èyí tó ń dún gbùúgbùú nísàlẹ̀ orin.

Wọn ò wá orúkọ lọ síbì kankan. Wọ́n mú B lára Berkley, wọ́n mú L lára Laolu, wọ́n mú O lára Odumosu, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó di BLO. Ó dùn ún pè, ó sì tètè ń wọni lórí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa o. Orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà orúkọ èèyàn mẹ́ta ṣe, tí ẹnì kan nínú wọn bá lọ ńkọ́? Ṣé wọ́n á gé orúkọ ọ̀hún kù ni? Ìbéèrè yẹn ló pàpà wá bá wọn lálejò nígbà tó yá.

OGUN TÓ DÉ ORE TI YÍ ORIN PADÀ

Kéèyàn tó mọ bí orin rọ́ọ̀kì ṣe rọ́wọ́ mú nílẹ̀ yìí, ó gbọ́dọ̀ rántí ogun abẹ́lé. Lóṣù kẹjọ, ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gba Benin, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́nà Èkó. Victor Banjo, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ló ṣáájú wọn. Ore ni wọ́n dé tí àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ fi dá wọn dúró. Ìjà ọ̀hún le débi pé ó di ọ̀rọ̀ ẹnu: "Ó lè kú, ìjà Ore!" Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ fi yé èèyàn pé nǹkan le, gbólóhùn yẹn ló máa sọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn nìkan ni ogun náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, orin háílàìfù ló gba gbogbo ilé ijó l'Ékòó, ọmọ Ìlà-Oòrùn sì pọ̀ nínú àwọn tó ń fun fèrè àti kàkàkí níbẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kó ẹrù wọn, wọ́n gba ilé lọ. Àyè ṣófo. Àwọn onijùjú mú tiwọn níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ orin àwọn òyìnbó lórí rédíò náà sì mú tiwọn.

Ní òdìkejì náà, àwọn ọmọ kéékèèké ń ta gìtá fún àwọn ṣọ́jà kí ọkàn wọn lè fúyẹ́. Nígbà tí ogun parí lóṣù kìíní, ọdún 1970, irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbówọ́. The Funkees, tó bẹ̀rẹ̀ nílùú Aba, wà lára wọn. Báyìí ni ìran kan dìde láti ìhà méjèèjì odò Ọya, tí wọn ò fẹ́ gbọ́ orin bàbá wọn mọ́. Gìtá tó ń ké kíkan-kíkan ni wọ́n ń fẹ́, irú ti Jimi Hendrix.

WỌ́N TI JỌ JẸYỌ̀ KÍ WỌ́N TÓ DÁ TIWỌN SÍLẸ̀

Àwọn ọmọ BLO kì í ṣe ọmọ àná nídìí orin. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Berkley àti Laolu wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ The Clusters, táwọn kan tilẹ̀ ń pè ní Beatles ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Geraldo Pino, ọmọ ilẹ̀ Sierra Leone tó kó orin sólù ti James Brown wá sí Èkó, tí ìlú fi dàrú. Kódà Fela fúnra ẹ̀ sọ nígbà ayé ẹ̀ pé Pino da orí òun rú lásìkò yẹn.

Nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ Pino, wọ́n bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Afro Collection. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Tee Mac tó ń fun fèrè, àti àwọn ìbejì tí ohùn wọn dà bí oyin, Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn nígbà tí òyìnbó kan dé. Ginger Baker lorúkọ ẹ̀. Òun ló lu ìlù fún Cream, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mì ayé tìtì láàárín ọdún 1966 sí 1968. Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó di Èkó. Ó bá Fela ṣeré, ó sì kọ́ ilé ìgborinsílẹ̀ kan s'Ikeja. Ṣùgbọ́n kò fi mọ sọ́dọ̀ Fela nìkan. Ó ṣa àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà jọ, ó pe ẹgbẹ́ ọ̀hún ní Salt. Berkley wà níbẹ̀, Laolu wà níbẹ̀, Joni Haastrup wà níbẹ̀, àwọn ìbejì Lijadu náà ò sì gbẹ́yìn. Lọ́dún 1972, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì wáyé nílùú Munich ní Jámánì, Salt wà lára àwọn tó kọrin níbẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ọmọ Èkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé, tó ti bá ọkàn lára àwọn onílù tó lókìkí jù láyé dúró lórí pèpéle kan náà. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún máa gbà kí ẹnikẹ́ni máa pàṣẹ fóun? Salt ò pẹ́ tó fi tú ká. Kí ọdún 1972 tó parí, BLO ti dáyé.

ORIN TÍ KÒ NÍ ÌBÒJÚ

Ó yẹ kí ohun kan yé wa nípa irú orin tí wọ́n ń kọ. Nínú ẹgbẹ́ jùjú, ẹ lè bá èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Onígìtá ló pọ̀ jù ni, àbí onígángan, àbí onísẹ̀kẹ̀rẹ̀, àbí àwọn agberin? Bí ẹnì kan bá ní inú ń run òun, agbo ijó ò ní mọ̀. Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin kò ní dúró.

Rọ́ọ̀kì ẹlẹ́ni mẹ́ta kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí fèrè, kò sí gángan, kò sí agberin tí èèyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Gìtá ló ń sọ̀rọ̀, béèsì ló ń gbé e ró, ìlù ló ń lé àwọn méjèèjì lọ. Wọ́n á tún gba ohùn gìtá náà gba inú ẹ̀rọ tó ń mú un han gooro, tó fi máa ń ké bí ẹranko tó bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ. Bí ẹnì kan bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ihò ti lu orin nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹnì kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta orin ọ̀hún.

Lọ́dún 1973, ilé-iṣẹ́ EMI gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde, wọ́n pè é ní Chapter One. Inú ẹ̀ ni orin tó ń jẹ́ Chant to Mother Earth wà. Ọdún yẹn kan náà ni Paul McCartney tó ti wà nínú Beatles wá sí Èkó, tó wá ṣe àwo Band on the Run ní sitúdíò EMI tó wà l'Ápápá. Ayé ń wo Èkó nígbà náà lóòótọ́.

Lẹ́yìn àwo àkọ́kọ́, wọ́n fi EMI sílẹ̀, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ Afrodisia, tó wà lábẹ́ Decca. Àwo méjì ló jáde lọ́dún 1975, Phase II àti Step Three.

'O' GBÉRA, Ó DI LONDON

Àsìkò yìí lohun tí wọn ò rò tẹ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà ní London tó ń jẹ́ Osibisa, tí Teddy Osei, ọmọ ilẹ̀ Ghana, àtàwọn èèyàn ẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1969. Nígbà yẹn, bóyá ni ẹgbẹ́ olórin aláwọ̀ dúdú kan wà láti ilẹ̀ wa tó lókìkí tó wọn nílẹ̀ Yúróòpù. Orin wọn, Sunshine Day, wọ inú àwọn orin tó tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1976. Osibisa nílò ẹni tó máa ta béèsì, Mike Odumosu ni wọ́n mú.

Ta ló máa bá a wí? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí NEPA ń múná lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí wọ́n bá ní kó máa bọ̀ ní London, ṣé yóó ní òun ò lọ ni? Ọmọ ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ààrò kan ti yẹ̀, ọbẹ̀ sì wà lórí iná.

Berkley àti Laolu ò da ọbẹ̀ nù. Wọ́n wá Biddy Wright, ọ̀jáfáfá olórin tó mọ béèsì í ta, tó mọ dùùrù í tẹ̀, tó sì tún mọ bí wọ́n ṣe ń to orin pọ̀ nínú sitúdíò. Òun ló bọ́ sí ipò Odumosu. Orúkọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Wọn ò sọ ọ́ di BLW. BLO náà ni wọ́n ń jẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni 'O' ń ta béèsì fún àwọn ẹlòmíì lókè òkun. Lọ́dún 1976, Phase IV jáde.

Bí ẹ bá fi èyí wé tàwọn olórin tiwa, ìyàtọ̀ ibẹ̀ á hàn. Orlando Owoh, tí orúkọ àbísọ ẹ̀ ń jẹ́ Oladipupo Owomoyela, tí ìdílé ẹ̀ ti Ìfọ́n wá, kọ́kọ́ da Omimah Band sílẹ̀ lọ́dún 1960. Nígbà tó yá ó di Young Kenneries, ó tún di African Kenneries International. Ọmọ ẹgbẹ́ ń wọlé, ọmọ ẹgbẹ́ ń jáde, orúkọ ẹgbẹ́ ń yí padà, ṣùgbọ́n títí tó fi kú lọ́dún 2008, Orlando ló nilé, Orlando ló lọ́nà. King Sunny Ade náà, tó jẹ́ ọmọ ọba l'Óńdó, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Green Spots lọ́dún 1967, ó sì wá di African Beats. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló ni ín. Nínú jùjú, ọ̀gá ni ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ni ọ̀gá.

Ti BLO kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọọṣẹ́. Ó dùn mọ́ni létí, ó sì bá ìfẹ́ mu. Àmọ́ ilé tí kò ní baálé, ó le kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóó tilẹ̀kùn lálẹ́.

ILÉ IJÓ YÍ PADÀ

Ohun mìíràn tún dé. Nígbà tí ọdún 1970 ń lọ sí ìparí, dísíkò ti gbòde. Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ gìtá tó ń ké mọ́, orin tí wọ́n lè fi bàtà gíga jó ni wọ́n ń wá. BLO ò lè dúró sójú kan. Láti rọ́ọ̀kì, wọ́n ti ń rìn lọ sínú fọ́ńkì; láti fọ́ńkì, wọ́n bọ́ sínú dísíkò. Lemmy Jackson wá dara pọ̀ mọ́ wọn, ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Lọ́dún 1979, Bulky Backside jáde. Ẹni tó bá gbọ́ àwo yẹn lẹ́yìn Chapter One, ó lè bú ẹni tó bá sọ fún un pé ẹgbẹ́ kan náà ni.

Ṣé wọ́n ta ara wọn ni, àbí wọ́n ń wá oúnjẹ òòjọ́? Àwọn tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì dáadáa ní àwo àkọ́kọ́ ni BLO gan-an. Àwọn tó ń jó lóru sọ pé ti ẹ̀yìn ló dùn. Ohun tó dájú ni pé gìtá, ẹ̀rọ amóhùn-dún-sókè àti owó sitúdíò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìyìn lásán rà. Owó ni.

Àwo tó gbẹ̀yìn jáde lọ́dún 1982, orúkọ ẹ̀ ni Back in Time. Lẹ́yìn ìyẹn, BLO tú ká. Ọdún mẹ́wàá gééré.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Lọ́dún 1982 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music ti Sunny Ade jáde fún gbogbo àgbáyé. Ọdún mẹ́wàá làwọn ọmọ rọ́ọ̀kì fi ń wá bí orin wọn ṣe máa dà bíi ti òyìnbó kí òyìnbó lè gbọ́. Nígbà tí òyìnbó wá ṣí etí, gángan ló fẹ́ gbọ́.

IṢẸ́ ỌWỌ́ WỌN KÒ KÚ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá dùn sí nìyí. Ẹgbẹ́ tú ká, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ kò tú ká.

Biddy Wright ló ṣètò àwọn àwo táwọn ìbejì Lijadu ṣe fún Afrodisia láàárín ọdún 1976 sí 1979, àwọn àwo táwọn ọmọ àsìkò yìí tún ń wá kiri káàkiri ayé.

Lemmy Jackson ńkọ́? Ṣé ẹ rántí Ṣeun Rere tí Christy Essien-Igbokwe kọ, tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn lórí ìyá tó bí wọn? Inú àwo tó jáde lọ́dún 1981 ló wà, Lemmy Jackson ló ṣètò ẹ̀. Ta ni kò mọ orin yẹn nílẹ̀ Yorùbá?

Laolu Akins wá ńkọ́? Ó jókòó sí sitúdíò, ó di ẹni tó ń tọ́ àwo àwọn ẹlòmíì sọ́nà. Lọ́dún 1989, Shina Peters gbé àwo Ace jáde. Gbogbo ìlú dàrú, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Shinamania. Láti Èkó dé Ore dé Àkúrẹ́, kò sóde aríyá tí wọn ò ti lù ú. Laolu Akins ló ṣètò àwo yẹn. Ọkùnrin tó ti bá Ginger Baker rìn, tó ti lu ìlù rọ́ọ̀kì títí, òun ló wà nídìí jùjú tó yára bí àṣá. Ẹni tó bá tún fara balẹ̀ gbọ́ bí ìlù Ace ṣe ń sáré lé gìtá, àfàìmọ̀ kó má sọ pé òun ti gbọ́ irú eré yẹn níbì kan rí.

Àwọn òyìnbó náà tún padà wá. Lọ́dún 2001, ilé-iṣẹ́ Strut ní London ṣa orin BLO jọ, wọ́n pè é ní Phases 1972–1982. Lọ́dún 2008, Soundway fi Chant to Mother Earth sínú àkójọ orin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n ní wòlíì kì í níyì nílùú ẹ̀. Àwo tí ẹlòmíì ti fi bo ìkòkò omi nílé bàbá ẹ̀, òun làwọn tí kò gbọ́ Yorùbá wá ń fi owó gidi rà.

Kẹ́hìndé Lijadu jáde láyé lóṣù kọkànlá, ọdún 2019. Ginger Baker ti ṣáájú ẹ̀ lọ lóṣù kẹwàá ọdún náà. Ìran yẹn ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá já yín sílẹ̀ ní Ore, tí ẹ ń jẹ iyán lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi Ace tàbí Ṣeun Rere sí i ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹ rántí àwọn ọmọkùnrin tó mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ wọn, tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan lọ, ẹlòmíì dé, orin yí padà, ààrò tú ká. Ọbẹ̀ ni wọn ò dà nù. Òun lẹ fi ń jẹ iyán yẹn.